Ṣé iná tuntun ló ń mú fọ́tò dára?

Ọdọọdún ni iná ṣítúdíò tuntun ń dé ọjà, tí àwọn ayàwòrán sì ń náwó lé e. Ṣé dandan ni? Ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn léèrè.

Ní ọdún 1948, Seydou Keïta ṣí ṣítúdíò sí ìlú Bamako, ní orílẹ̀-èdè Màlì. Nínú àgbàlá ló ti ń ya ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀, oòrùn sì ni iná rẹ̀. Aṣọ ìtẹ́bùsùn ló ta sí ẹ̀yìn wọn. Síbẹ̀, àwọn fọ́tò yẹn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá lónìí.

Ṣùgbọ́n kí a má tìtorí èyí sọ pé iná kò wúlò. Láti ọdún 1931 ni Harold Edgerton, ní MIT lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti ń ṣiṣẹ́ lórí fíláàṣì tó ń kọ bíi mànàmáná. Òun ló fi ya ọta ìbọn lójú eré. Ní Bamako kan náà, Malick Sidibé gbé fíláàṣì lọ sóde ijó àwọn ọ̀dọ́. Ní ọdún 1963, lóru ọdún Kérésì, ó ya ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n jọ ń jó, tí wọ́n forí kanrí. Oòrùn Keïta kò lè ya ìyẹn láéláé.

Ohun tí a rí fà yọ nìyí: iná tuntun ṣe pàtàkì bó bá jẹ́ kí a ya ohun tí ti àtijọ́ kò lè yà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, owó lásán ni. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra òmíràn, kí ni èyí tó wà lọ́wọ́ yín kò lè ṣe?