Ta Ni Ó Dá Ẹrú Sílẹ̀ Nínú Ìtàn "Ìbá"? Èrò Àwọn Òǹkàwé lórí Ìwé *If It Had Happened Otherwise*

Ní ọdún 1931 ni J. C. Squire, akéwì àti olóòtú ìwé àtìgbàdégbà *London Mercury*, ṣe àkójọ ìwé kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní *If It Had Happened Otherwise*. Àwọn òǹkọ̀wé inú rẹ̀ mú ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó ti kọjá, wọ́n yí àbájáde rẹ̀ padà, wọ́n sì fojú inú wo ohun tí ìbá tẹ̀lé e. Philip Guedalla jẹ́ kí àwọn Mùsùlùmí Granada borí ní ilẹ̀ Sípéènì, H. A. L. Fisher jẹ́ kí Napoleon ríbi sá lọ sí Amẹ́ríkà; Harold Nicolson fi akéwì Byron jọba ní ilẹ̀ Gíríìsì. Ẹ̀fẹ̀ pọ̀ nínú ìwé náà, èyí sì wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn fojú yẹpẹrẹ wò ó.

Irú ìrònú yìí kò ṣàjèjì sí èdè Yorùbá. Bí ẹnì kan bá ní, "Ká ní òjò rọ̀ ni, iṣu ìbá ta," kò sí atọ́ka ìyísódì kankan nínú gbólóhùn náà, síbẹ̀ olùgbọ́ mọ̀ pé òjò kò rọ̀. Ó sì tún mọ ohun tí ó ń dun olùsọ̀rọ̀. Ohun kejì yìí ni E. H. Carr gbá mú nínú *What Is History?* (1961). Ó ka irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sí eré ìdárayá àwọn tí wọ́n jókòó sí yàrá àlejò. Ó ní kò sí ẹni tí ó tún ń dárò ìṣẹ́gun àwọn ará Normandy, ṣùgbọ́n àwọn tí ìyípadà Rọ́ṣíà ọdún 1917 pa lára kò yé ro ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, Carr kò sì fẹ́ kí àbámọ̀ di iṣẹ́ òpìtàn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, àfi pé àbámọ̀ pàápàá jẹ́ ẹ̀rí nípa ẹni tí ó ń ṣe é.

Niall Ferguson, nínú *Virtual History* (1997), kò kọ irú ìtàn yìí pátápátá. Ó gbà pé ohun tí ó ká àwọn òǹkọ̀wé Squire lára ní àkókò tiwọn ni wọ́n kó sínú ìtàn, ó sì gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀: kìkì ọ̀nà tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé àwọn ènìyàn ìgbà náà rò ni kí òpìtàn yẹ̀ wò. Richard J. Evans, nínú *Altered Pasts* (2013), ṣì rí ìfẹ́-inú òǹkọ̀wé nínú èyí tí ó pọ̀ jù.

Àròkọ Winston Churchill nínú ìwé náà ni ó yẹ kí a gbé lé òṣùwọ̀n yìí. Asọ̀tàn rẹ̀ ń gbé nínú ayé tí Robert E. Lee ti ṣẹ́gun ní Gettysburg (1 sí 3 oṣù Keje, 1863). Lee wọ Washington, ó sì kéde òpin oko ẹrú ní Gúúsù. Ìkéde yìí ni ó jẹ́ kí Bìrìtéènì lè bá Gúúsù dòwò pọ̀, tí ogun ọdún 1914 kò fi jà mọ́. Òmìnira ẹrú wá di ẹ̀bùn láti ọwọ́ ọ̀gágun.

Àkọsílẹ̀ kò gbè é. Òfin ìpìlẹ̀ Gúúsù ti ọdún 1861 kò gba ilé aṣòfin wọn láyè láti ṣe òfin tí yóò tako níní ẹrú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1863, bí ọmọ ogun Lee ṣe ń wọ Pennsylvania, wọ́n ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú, títí kan àwọn tí a bí ní òmìnira, wọ́n ń kó wọn lọ sí Gúúsù. Lóòótọ́, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1865, Lee kọ lẹ́tà pé kí a gba ẹrú sí iṣẹ́ ogun kí a sì dá wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọwọ́ ti ń tẹ Gúúsù ni. Ká ní Lee ṣẹ́gun ni, kí ni ìbá mú un kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀?

Nǹkan bí 180,000 aláwọ̀ dúdú ni ó jagun nínú ọmọ ogun Àríwá. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìwé Squire, W. E. B. Du Bois ṣàlàyé nínú *Black Reconstruction in America* pé bí àwọn ẹrú ṣe pa oko tì jẹ́ ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbòò. (Ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbòò náà ni Ronald Knox fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú ìwé Squire, ti Bìrìtéènì ọdún 1926.)

Ibi tí ó lágbára jù nínú àròkọ Churchill ni ibi tí asọ̀tàn náà ti ro ayé tí Lee ti pàdánù, èyí tí í ṣe ayé tiwa gan-an. Ohun tí ó fi ń dẹ́rù ba òǹkàwé níbẹ̀ ni pé wọn ìbá ka dúdú sí ẹgbẹ́ funfun, pé wọn ìbá gbé ètò ìjọba aláwọ̀ funfun lé àwọn ọmọ Áfíríkà tí kò tí ì tó o lọ́wọ́. Ní ọdún 1870, ní ayé tí Lee ti pàdánù yẹn, Hiram Revels, aláwọ̀ dúdú láti Mississippi, jókòó ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní Washington.