Ìtánràn Ẹ̀ṣẹ̀ nínú Ìjọ Kátólíkì
Ìtánràn ẹ̀ṣẹ̀ ni ohun tí onígbàgbọ́ Kátólíkì ń ṣe lẹ́yìn tí fàdá bá ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì í níbi ìjẹ́wọ́. Ìdáríjì mú ẹ̀bi kúrò, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ ṣì wà nílẹ̀: olè gbọ́dọ̀ dá ẹrù padà, ẹni tó ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́ gbọ́dọ̀ tún un ṣe, èyí tó sábà máa ń nira ju dídá ẹrù padà lọ. Fàdá tún lè yan àdúrà, ààwẹ̀ tàbí ìtọrẹ àánú. Láyé ìjímìjí, ìtánràn ló ń ṣáájú ìdáríjì, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Àpérò Trent, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíkì, fìdí ẹ̀kọ́ nípa ìtánràn múlẹ̀ ní 1551. Ìtánràn tí kò bá parí láyé, pọ́gátórì, ìyẹn ìwẹ̀nùmọ́ lẹ́yìn ikú, ni àwọn Kátólíkì gbà pé yóò ti parí.