Orúkọ Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Ìwé Àrùn

Àwọn baba wa ní orúkọ a máa ro ọmọ. Àwa tí ń kọ́ ìmọ̀ èdè mọ̀ pé orúkọ kì í jókòó jẹ́ẹ́ sínú ìwé. A máa bá olúwarẹ̀ délé. Ẹ gbọ́ ìtàn kan láti Amẹ́ríkà.

Ní 1952, Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣègùn Ọpọlọ ilẹ̀ náà tẹ ìwé tí wọ́n to àwọn àrùn ọpọlọ sí. Wọ́n ka ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin mọ́ àwọn aláìsàn. Orúkọ yìí a máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni; àwọn oníṣègùn mìíràn tilẹ̀ ń fi iná mànàmáná jẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ níyà, wọ́n ní ìwòsàn ni.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn tí ó wá gba ìtọ́jú àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni àwọn oníṣègùn náà sábà ń wò kí wọ́n tó dájọ́. Evelyn Hooker, obìnrin onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá, wá 30 ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin, tí kò sí lábẹ́ ìtọ́jú, àti 30 tí ń fẹ́ obìnrin. Ó fi àwòrán tàdáwà àti ìdánwò mìíràn wò wọ́n, ó sì gbé èsì wọn fún àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà láìdárúkọ. Wọn kò lè mọ èyí yàtọ̀ sí èyí. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1957.

Síbẹ̀, orúkọ náà kò kúrò. Ní 1972, níbi ìpàdé ẹgbẹ́ náà ní Dallas, oníṣègùn ọpọlọ kan, John Fryer, jáde bí eégún: ó bo ojú, ó dé irun àtọwọ́dá, ẹ̀rọ sì yí ohùn rẹ̀ padà. Ó ní òun pàápàá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ ń pè ní aláìsàn. Wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí nìyí tí ó fi bojú.

Ní Oṣù Kejìlá 1973, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ náà yọ orúkọ ọ̀hún. Àwọn tí inú wọn kò dùn ní kí gbogbo ẹgbẹ́ dìbò. Ní 1974, 5,854 fara mọ́ ọn, 3,810 kọ̀ ọ́. Ní 1990, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe bákan náà.

Ǹjẹ́ ìbànújẹ́ ti tán? Rárá o. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ọtí àti oògùn olóró ṣì ń bá púpọ̀ nínú wọn jà. Ṣùgbọ́n ní 2003, onímọ̀ kan, Ilan Meyer, ṣàlàyé pé ẹ̀gàn, ìbẹ̀rù àti ìfarapamọ́ ni ó ń dá kún un. Ẹni tí ń bẹ̀rù orúkọ kò ní í sọ ibi tí ó ń dùn ún fún dókítà. Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Ìsàlẹ̀ ni ó ti wọ́ wá." Ẹni tí yóò bá wo irú wọn sàn, ìsàlẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wò.