Baba Ìsàlẹ̀ Tí Kò Rí Béèlì Gbà

Tí ọlọ́pàá bá mú èèyàn, ohun tí ará ilé máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ṣé wọ́n ti gba béèlì ẹ̀?" Tí wọ́n bá ti gbà á, ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò tíì parí o. Béèlì ò sọ pé èèyàn jẹ̀bi, kò sì sọ pé kò jẹ̀bi. Ohun tó ń sọ ni pé: máa lọ sílé, àmọ́ tí ọjọ́ ẹjọ́ bá pé, kó o yọjú.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè tó ṣe kókó lórí béèlì fún ọdún gbọọrọ ni: ṣé ẹni yìí á padà wá? Lọ́dún 1951, nínú ẹjọ́ Stack v. Boyle, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ sọ pé owó béèlì tó bá ju èyí tó máa mú èèyàn padà wá lọ, àpọ̀jù ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn Máfíà ni ìbéèrè yẹn ò ká. Baba ìsàlẹ̀ kì í sábà sá lọ. Níbo ló fẹ́ sá lọ? Àdúgbò tó ń jẹ gàba lé lórí lowó ẹ̀ ti ń wá, owó béèlì ò sì ṣòro fún un láti san. Ohun tó lè ṣe kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé gan-an ni wàhálà, torí ìta làwọn ẹlẹ́rìí ń gbé.

Lọ́dún 1984, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin Bail Reform Act. Òfin yìí fi ìbéèrè kejì kún ti àkọ́kọ́: tá a bá tú ẹni yìí sílẹ̀, ṣé kò ní pa ẹlòmíì lára?

Ní oṣù kẹta ọdún 1986, ìbéèrè yìí kan Anthony Salerno, tí wọ́n ń pè ní Fat Tony, ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ Genovese ní New York. Ẹ̀sùn 29 ló wà nínú ìwé tí wọ́n fi pe òun àtàwọn míì lẹ́jọ́, tó fi mọ́ jìbìtì, tẹ́tẹ́ àti fífi ipá gbowó. Ìjọba ní àwọn ti gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù, àti pé ẹlẹ́rìí méjì máa sọ pé Salerno lọ́wọ́ nínú ètò láti pààyàn. Salerno náà mú àwọn tó máa jẹ́rìí sí ìwà ẹ̀ wá, ó tún mú lẹ́tà dókítà wá. Adájọ́ ní kò sí béèlì.

Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà. Àmọ́ ní May 26, 1987, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ní Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ìjọba lẹ́yìn. William Rehnquist ní èyí kì í ṣe ìyà, ààbò ìlú ni. Thurgood Marshall ta kò ó: báwo la ṣe máa ní èèyàn ò tíì jẹ̀bi, ká tún tì í mọ́lé torí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò tíì ṣẹ̀?

Fún Salerno fúnra ẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n ti jù ú sẹ́wọ̀n 100 ọdún nínú ẹjọ́ míì, ibẹ̀ ló sì kú sí lọ́dún 1992. Àmọ́ òfin ò kú.

Èmi tí mò ń kọ kóòdù jẹun mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: ìlà kan tó o kọ torí oníbàárà kan ṣoṣo, gbogbo oníbàárà ló máa kàn. Òfin 1984 yẹn kan náà ló ní kí adájọ́ kọ́kọ́ gbà pé kò yẹ kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn oògùn olóró tó lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún 10 kàn gba béèlì, àfi tó bá rí àlàyé ṣe. Bí ọmọ tó ń ta oògùn ní kọ̀rọ̀ òpópónà ṣe bọ́ sójú kan náà pẹ̀lú baba ìsàlẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè lásán ni. Òfin ACJA ọdún 2015 ti Nàìjíríà náà gbà kí adájọ́ kọ béèlì tó bá rí ìdí tó fi gbà pé ẹni náà á tún dá ẹ̀ṣẹ̀ míì.

Mi ò sọ pé kí wọ́n tú Salerno sílẹ̀ o. Tó bá jẹ́ èmi ni ẹlẹ́rìí, mi ò ní fẹ́ kó wọ àdúgbò mi. Àmọ́ àwọn àgbà ní pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ìgbà tí wọ́n bá ń já pàṣán náà torí ẹni tí gbogbo ayé kórìíra, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ ká bèèrè bó ṣe máa gùn tó.