Ejìnrìn, Ìlú tí Ó Ń Gbé Oúnjẹ Lọ bá Èkó, àti Ilé Písà tí Ó Dé Lẹ́yìn Rẹ̀

Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ìlú tí ó bá sì bá ìlú mìíràn lé ebi lọ fún ọdún gbọọrọ, ó yẹ kí a máa dárúkọ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ejìnrìn létí ọ̀sà, ní ìhà Ẹ̀pẹ́, jẹ́ irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ọjà ni ó sọ ọ́ di ẹni mímọ̀. Ní ọjọ́ ọjà, àwọn Ìjẹ̀bú Ọmọ Alárè á ru iṣu, àgbàdo, epo pupa àti adìẹ sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí omi. Àwọn oníṣòwò Èkó náà á sì kó iyọ̀, aṣọ òyìnbó àti ọtí òyìnbó wá pàdé wọn. Nígbà tí ọjà bá sì tú, ọkọ̀ onígbòkun á kún dé ẹnu, wọn á sì tukọ̀ rẹ̀ lọ sí Èkó Akété, Àrómisá-lẹ̀gbẹ̀-lẹ́gbẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ aláìlóko wà, tí ọbẹ̀ ti ń hó lórí ààrò, tí ó ń dúró de òkèlè.

Ọ̀ràn dídí irú ọ̀nà ìṣòwò bẹ́ẹ̀ ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ìjẹ̀bú àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, títí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi kó ogun gba Ẹ̀pẹ́ wọlé ní oṣù Èbìbí ọdún 1892, tí wọ́n sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901; ọ̀nà mọ́tò sì wá gba Ìkòròdú kọjá. Ẹsẹ̀ tí ń rọ́ lọ sí Ejìnrìn yà síbòmíràn.

Mo ń rán wa létí èyí nítorí pé, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wa bá rí alùpùpù Domino's Pizza tí ń sáré kọjá ní Èkó, wọn a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òkè òkun ni gbígbé oúnjẹ lọ bá ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ti ṣẹ̀ wá. Ilé-iṣẹ́ náà ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì dùn ún gbọ́. Ní 1960, Tom Monaghan, tí ikú baba rẹ̀ sọ di ọmọ ilé aláìlóbìí nígbà tí ó wà ní kékeré, àti James àbúrò rẹ̀, ra ilé písà kékeré kan tí ń jẹ́ DomiNick's ní ìlú Ypsilanti, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Kò pé ọdún kan tí James fi yọwọ́: ó fi ìpín tirẹ̀ gba mọ́tò Volkswagen, ìjàpá tí a mọ̀ yìí, èyí tí wọ́n fi ń gbé písà kiri. Tom kò yọwọ́. Nígbà tí ẹni tí ó ni orúkọ DomiNick's kò jẹ́ kí ó máa fi orúkọ náà pe àwọn ìsọ̀ tuntun, òṣìṣẹ́ kan tí ó ti ibi tí ó gbé písà lọ bọ̀ ni ó dábàá Domino's, ní 1965.

Eré dómínò ni orúkọ náà ń pè wá sí ọkàn: ọmọ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí a dá ojú sí lára, tí a ń tò kí ojú tí ó bára mu lè pàdé. Ẹ wo àmì ilé-iṣẹ́ náà dáadáa: ojú kan wà ní apá kan, méjì wà ní apá kejì, nítorí ìsọ̀ mẹ́ta ni ó ní nígbà náà. Wọ́n pinnu láti máa fi ojú kan kún un bí ìsọ̀ bá ti ń pọ̀, ṣùgbọ́n ìsọ̀ pọ̀ ju ohun tí àmì lè gbà lọ. Wọ́n tún ṣèlérí pé písà kò ní kọjá 30 ìṣẹ́jú kí ó tó dé ilé oníbàárà. Ìjàǹbá ọkọ̀ mú wọn dé ilé ẹjọ́, wọ́n sì fi ìlérí náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1993. Mo gbà pé wọ́n ṣe ohun tí ó tọ́, nítorí ẹ̀mí ju oúnjẹ gbígbóná lọ.

Ní 2012, ilé-iṣẹ́ Eat'N'Go gbé Domino's wọ Èkó. Wọ́n fi adìẹ alátagun sùyà sórí písà kí ẹnu wa lè mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ti fi èènì fa oníbàárà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun rí, bí ẹni ra kan gba èjì. Àwọn ìyá tí ó ná ọjà Ejìnrìn ìbá mọ ọgbọ́n yẹn lójú ẹsẹ̀. Ní tèmi, iṣẹ́ kan náà ni ọlọ́kọ̀ onígbòkun àti ọlọ́kadà onípísà ń ṣe, àgbà sì ni ti Ejìnrìn nínú wọn.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin ọmọ Ejìnrìn nílé àti lẹ́yìn odi: ẹ jókòó ti àwọn àgbà tí ó ṣẹ́ kù, ẹ kọ orúkọ àwọn ọlọ́kọ̀ àti àwọn ìyálọ́jà èbúté náà sínú ìwé, kí ẹ sì bẹ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pé kí a ri àmì ìrántí ọjà náà mọ́ etí omi.