so … mọ́

Ìsọ̀rí: ọ̀rọ̀-ìṣe elélà, àbọ̀ rẹ̀ ni ó máa ń là á sí méjì. Òdì: tú … kúrò.

Ìtumọ̀
1. Fi okùn de ohun kan mọ́ òmíràn. *Ó so ewúrẹ́ mọ́ igi.*
2. (Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà) Mú kí àwọn fáìlì inú dísíkì, tàbí ti ẹ̀dà dísíkì, fara hàn nínú àpò fáìlì kan lórí Linux. *A so ẹ̀dà náà mọ́ /mnt/eri.*

Àkíyèsí lórí ìlò

Fún ìtumọ̀ kejì, kí olùtúmọ̀ má ṣe lo *gùn*: ẹṣin àti òkè ni à ń gùn. *Àwòrán* náà kò bá a mu, nítorí fáìlì yìí kì í ṣe ohun tí à ń wò bí fọ́tò. Dísíkì ni a dà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ibi tí ó ṣófo. *Ẹ̀dà* ni ó yẹ ẹ́.

Ibi tí ó gba ìṣọ́ra jù ni pé *fún kíkà nìkan* kò túmọ̀ sí *láìyí ohunkóhun padà*. `mount -o ro` ń dá òǹlò lẹ́kun kíkọ, ṣùgbọ́n kò fi dandan dá ètò fáìlì fúnra rẹ̀ lẹ́kun. Bí kọ̀ǹpútà bá kú lójijì, iṣẹ́ tí ext3 tàbí ext4 kò tíì parí yóò wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí a bá tún so ó mọ́, ètò náà lè parí iṣẹ́ yìí, kí ó sì kọ ọ́ sórí dísíkì tí ó bá gba kíkọ. Nítorí náà ni a ṣe ń ti ilẹ̀kùn méjì:

`losetup -r -f --show eri.img`
`mount -o ro,noload /dev/loop0 /mnt/eri`

Àṣẹ kìíní kò jẹ́ kí ohunkóhun gba inú loop náà kọ sínú fáìlì náà, ó sì ń sọ nọ́ńbà loop tí a ó lò nínú èkejì. `noload` ń mú kí ètò náà fo àkọsílẹ̀ rẹ̀. Fún XFS, `norecovery` ni. Ohun tí a óò rí ni dísíkì bí ó ti wà, kì í ṣe bí ì bá ti wà ká ní iṣẹ́ náà parí. Kí a ṣe `sha256sum eri.img` ṣáájú àti lẹ́yìn iṣẹ́. Èsì méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu.

Àṣìtumọ̀: *Gun àwòrán náà fún kíkà nìkan, kò ní yí padà.*
Ìtumọ̀ tí ó yè kooro: *So ẹ̀dà náà mọ́ fún kíkà nìkan, má sì jẹ́ kí ètò náà parí iṣẹ́ tí ó ṣẹ́kù nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀.*

Bí ẹ̀dà náà bá jẹ́ ẹ̀rí nílé ẹjọ́, ẹni tí ó tẹ̀ lé gbólóhùn àkọ́kọ́ lè ba ẹ̀rí jẹ́ láìmọ̀.

Wo tún: ẹ̀dà, tú … kúrò.