Íńtálọ́ọ̀kù Tí À Ń Tẹ̀ Mọ́lẹ̀, Íńtálọ́ọ̀kù Tí A Ò Fi Kọ́lé

 

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wọ ọjà ohun èlò ìkọ́lé wa ní Dei-Dei lónìí, tó ní òun ń wá íńtálọ́ọ̀kù, ibi tí wọ́n to òkúta ìtẹ́lẹ̀ sí ni wọ́n á nawọ́ sí. Pupa wà níbẹ̀, eléèérú wà níbẹ̀. Òun la fi ń tẹ́ iwájú ilé, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí. Àmọ́ ẹ dán an wò, kí ẹ ní íńtálọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń mọ ògiri lẹ ń wá. Ẹni tí ẹ bi á wò yín lókè, á wò yín nílẹ̀, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, nine inches tàbí six inches lẹ fẹ́?”

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí nìyẹn. Báwo ni ohun tí wọ́n ṣe fún ògiri ṣe di ohun àjèjì lójú wa, nínú ìlú tí gbogbo èèyàn ti ń kọ́lé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà tí gbogbo Abuja ti ń wá ra nǹkan ilé?

Fún àwọn tí ò tíì rí i rí, mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó jẹ́. Ilẹ̀ pupa ni wọ́n máa ń sẹ́, wọ́n á da sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí i, bíi 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á fi omi tó kàn rin ín pò ó, ẹ̀rọ á sì tẹ̀ ẹ́ títí á fi le. Búlọ́ọ̀kù náà ní etí tó yọ lókè, ó ní kòtò lábẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá gbé ọ̀kan lé èkejì, wọ́n á há mọ́ra bí eyín òkè ṣe ń pàdé tìsàlẹ̀. A kì í da àpòpọ̀ yanrìn àti sìmẹ́ńtì sáàárín wọn. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tó jókòó lórí ìpìlẹ̀, àti àwọn díẹ̀ tó wà lókè pátápátá tí òrùlé máa gbé lé, ni wọ́n ń fi àpòpọ̀ dè.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ògiri tí kò ní àpòpọ̀ láàárín jẹ́ ọgbọ́n òyìnbó o. Ní Sukur, lórí òkè ní ìpínlẹ̀ Adamawa, òkúta lásán ni wọ́n fi to ààfin Hidi, ọba wọn, láì fi nǹkan kan lẹ̀ ẹ́. Sukur yìí ni ibi àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé, lọ́dún 1999. Ní Great Zimbabwe, àwọn baba ńlá Shona to òkúta bẹ́ẹ̀ títí ògiri wọn fi ga tó mítà 11 láwọn ibì kan. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún, ó ṣì dúró.

Àwa Yorùbá ò to òkúta, ilẹ̀ la mọ̀. Ẹ ṣáà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wa: a kì í ní a “to” ògiri, “mọ” la ń sọ, bí ẹni ń mọ ìkòkò. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà, mọlémọlé ni wọ́n ń pè é kí “bíríkìlà” tó dé. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ pupa, wọ́n á bu omi sí i, tọmọdé tàgbà á fi ẹsẹ̀ pò ó. Wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é: ẹni tó ń kọ́lé á sebẹ̀, á pọn omi, àwọn àna àti ẹgbẹ́ á sì wá bá a ṣe é. Àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀ tí a tẹ̀dó sí yìí náà, amọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́lé. Ẹ tún wo òrùlé àtijọ́, bó ṣe máa ń yọ síta bo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kì í ṣe fún ẹwà nìkan: àwọn àgbà mọ̀ pé òjò ni ọ̀tá ògiri ilẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Sìmẹ́ńtì ni. Ọkọ̀ ojú omi ló kọ́kọ́ ń kó o wá. Ní 1957, iléeṣẹ́ Nkalagu bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lápá ìlà-oòrùn. Ní 1960, ọdún òmìnira, ti Ewékorò bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ti rí jájẹ, ilé sìmẹ́ńtì ló ń kọ́. Ilé alámọ̀ di ilé tálákà, ilé oko. Bàbá mi, tó jẹ́ bíríkìlà, máa ń sọ pé lásìkò tiwọn, bí ẹnì kan bá rẹ́ iwájú ilé rẹ̀ ní sìmẹ́ńtì, kódà kó jẹ́ amọ̀ ni inú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti yí padà ládùúgbò.

Lẹ́yìn náà ni ti 1975 dé. Owó epo ti pọ̀, ìjọba Gowon sì ti ní kí wọ́n kó sìmẹ́ńtì wá láti òkè òkun, nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Ìdá kékeré nínú rẹ̀ ni Èbúté Èkó lè gbà. Ọkọ̀ tó lé ní 400 tò sójú òkun, púpọ̀ nínú wọn ló kó sìmẹ́ńtì, òmíràn sì dì gbagidi sínú ọkọ̀ kí wọ́n tó rí i já. Ọdún yẹn kan náà, lóṣù kẹjọ, ni Murtala Muhammed yan ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akinola Aguda, ọmọ Yorùbá, jẹ́ alága rẹ̀, pé kí wọ́n wò ó bóyá kí olú ìlú kúrò ní Èkó. Wọ́n ní kó kúrò, torí Èkó ti há jù. Ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 ni òfin tó dá Abuja sílẹ̀ jáde, ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991 sì ni ìjọba kó wá síbí pátápátá.

Ẹ ò rí nǹkan? Ọdún tí sìmẹ́ńtì dí ẹnu ọ̀nà Èkó ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ronú Abuja, ìgbà tí wọ́n sì dé Abuja, sìmẹ́ńtì náà ni wọ́n tún fi kọ́ ọ látòkè délẹ̀, lórí ilẹ̀ pupa tó jẹ́ pé ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń ba bàtà jẹ́. Ọjà Dei-Dei wa fúnra rẹ̀, ara iṣẹ́ ìkọ́lé yẹn ló ti jáde, àti pákó, àti páànù, àti táìsì. Ọ̀pọ̀ nínú wa, òun ló gbé wa wá síbí.

Lásìkò tí àwa ń sá fún ilẹ̀, àwọn mìíràn ń padà sí i. Láwọn ọdún 1950, ní Bogotá lórílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Raúl Ramírez ṣe ẹ̀rọ alápá kan tí èèyàn méjì lè fi tẹ ilẹ̀ di búlọ́ọ̀kù, láì lo iná mànàmáná. CINVA-Ram ni wọ́n pè é, ó sì tàn káyé. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ní Thailand tún ẹ̀rọ yẹn ṣe kí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lè ní etí àti kòtò tí wọ́n á fi máa há mọ́ra. Ní 1988, iléeṣẹ́ Hydraform bẹ̀rẹ̀ ní South Africa, wọ́n fi ẹ̀rọ alágbára ṣe irú tiwọn, ó sì dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Uganda, níbi tí wọ́n ti ń gé igbó run láti fi sun bíríkì, Moses Musaazi ti Yunifásítì Makerere ṣe èyí tó tẹ̀ kọdọrọ, tí wọ́n fi ń mọ àgbá omi. Nílé ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ ìwádìí ìkọ́lé àti ọ̀nà, NBRRI, sílẹ̀ ní 1978. Yàrá ìwádìí wọn wà ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n sì ti ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ ilẹ̀ pupa di búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Kí ló dé tí kò wá gbilẹ̀ láàárín wa? Mi ò ní parọ́ fún yín. Ìtìjú wà ńbẹ̀, torí ojú “ilé amọ̀” la ṣì fi ń wò ó. Ẹni tó ń fi rírẹ́ ògiri jẹun náà ò ní gbà yín nímọ̀ràn ògiri tí kò nílò rírẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó pa á lára jù ni iṣẹ́ àṣetì. Èmi fúnra mi jìyà ẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́wàá báyìí, mo ní kí ẹnì kan fi í mọ ọgbà fún mi. Ilẹ̀ òkè tí gbòǹgbò koríko ṣì wà nínú rẹ̀ ló fi tẹ búlọ́ọ̀kù, kò sì bò wọ́n, ọjọ́ kẹta ló ti kó wọn sórí ìpìlẹ̀. Òjò kejì, igun ọgbà ti ń yọ̀ bí ọṣẹ. Àwọn aládùúgbò ní, “Ṣé ẹ ti rí i, a wí!” Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe búlọ́ọ̀kù ló jẹ̀bi.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ẹ wo ibi tí ti íńtálọ́ọ̀kù ti ń lanu:

Àkọ́kọ́, ilẹ̀. Ẹ gbẹ́ ẹ kọjá ilẹ̀ dúdú òkè. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́, ẹ bu omi sí i, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á wà nísàlẹ̀, amọ̀ á wà lókè. Tí amọ̀ bá pọ̀ jù, búlọ́ọ̀kù á sán. Tí kò bá sí rárá, á máa rẹ́ dànù.

Èkejì, sùúrù. Búlọ́ọ̀kù tuntun gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ náílọ̀n, kí wọ́n máa wọ́n omi sí i, ó kéré tán fún ọjọ́ méje. Ẹni tó bá lè dúró tó ọjọ́ 28 kí ó tó kọ́ ọ, iṣẹ́ rẹ̀ á dára jù.

Ìkẹta, ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Torí pé kò sí àpòpọ̀ tí a fi lè tún un ṣe lókè, bí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ bá wọ́, gbogbo ògiri á wọ́.

Ìkẹrin, òjò. Ẹ gbé ìpìlẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, kí òrùlé yọ síta bíi ti àwọn baba wa, kí ẹ sì dí ojú ìlà lápá ibi tí òjò ń gbà fẹ́ lu ògiri. Ilé Abuja ìgbà yìí tí wọ́n ń fi ògiri bo orí òrùlé ò bá irú búlọ́ọ̀kù yìí mu.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ẹ má fi iye búlọ́ọ̀kù kan wé iye búlọ́ọ̀kù kan, wọ́n á kàn fi ìyẹn tàn yín ni. Nine inches mẹ́wàá ló ń bo mítà kan níbùú lóròó. Íńtálọ́ọ̀kù tó bíi 40 kó tó bo ibẹ̀. Ẹ fi mítà wé mítà, kí ẹ wá ka àpòpọ̀ tí wọ́n fi ń to nine inches mọ́ ọn, àti yanrìn, àti rírẹ́ inú àti ìta, àti ọ̀dà. Ibẹ̀ ni èrè íńtálọ́ọ̀kù wà, kì í ṣe nínú búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá tún máa rẹ́ ẹ lẹ́yìn tí ẹ mọ ọ́n tán, ẹ ti sọ èrè náà nù.

Ẹ rántí oṣù kejì 2024, nígbà tí àpò sìmẹ́ńtì kan kọjá ₦10,000 lọ́pọ̀ ibi, tí ìjọba fi pe àwọn tó ń ṣe é jókòó, tí wọ́n sì fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000. Iṣẹ́ àwọn ará wa mélòó ló dúró sórí ìpìlẹ̀ lọ́dún yẹn? Mo mọ àwọn kan lágbègbè yìí tó jẹ́ pé ilẹ̀ ti wà, ìpìlẹ̀ ti wà, wọ́n sì ṣì ń san owó ilé fún onílé títí dòní.

Mi ò ní kí gbogbo wa sá kúrò nídìí sìmẹ́ńtì. Mo ní kí a béèrè. Tí ẹ bá tún dé ọjà wa lọ́la, ẹ ní íńtálọ́ọ̀kù ògiri lẹ ń wá. Bí wọ́n bá wò yín lókè, tí wọ́n wò yín nílẹ̀, ẹ tún un sọ. Ohun tí èèyàn ń béèrè lọ́jà ni ọlọ́jà ń kó wá.